Ògì Bàbà Tí Wọ́n Ní Ó Ń Dí Ọ̀rá Lọ́nà: Àgbéyẹ̀wò Ilé Ológì Kan Ní Kubwa

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Lugbe pè mí lórí fóònù, inú wọn sì dùn dé ibi pé mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí ògì bàbà kan ní Kubwa, ní àdúgbò tèmi, tí ó ń dí ọ̀rá lọ́nà nínú ìfun, àti pé àwọn kò ní lo orlistat, oògùn tí ń dí ọ̀rá lọ́nà, tí dókítà kọ fún àwọn mọ́, nítorí pé oúnjẹ tí ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà ti tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì fẹ́ràn ògì ju oúnjẹ àárọ̀ mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ní ọ̀nà méjì, ni mo bá pinnu pé n óò lọ sí ibẹ̀ fúnra mi, n óò ra ohun tí wọ́n ń tà, n óò jẹ ẹ́ títí n óò fi mọ̀ ọ́n, n óò sì yẹ ìlérí tí ó wà lára rẹ̀ wò dáadáa.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, kò jìnnà sí ọjà Kubwa. Ìyá tí ó ni ín jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà láti ìpínlẹ̀ Kwara, Ìyá Ológì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà: ògì bàbà tí a sẹ́, èyí tí ó wà nínú ike; ògì bàbà tí a kò sẹ́, tí àwọn oníbàárà ń pè ní odidi; àti ògì gbígbẹ, tí a sá lóòrùn tí a sì lọ̀ kúnná. Lébẹ̀lì kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ó sì wà lórí rẹ̀ ni pé àwọn èròjà inú ọkà kíkan yìí ń dá ẹ́ńsáìmù tí ń fọ́ ọ̀rá dúró, àti pé ó ń mú ikùn wálẹ̀. N kò rí nọ́ńbà NAFDAC kankan lára ike náà.

N óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe rí lẹ́nu, nítorí pé oúnjẹ ni ògì kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Èyí tí a sẹ́ dára púpọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí osùn tí a fi omi pò, òórùn rẹ̀ kan láìṣe pé ó rùn, omi orí rẹ̀ sì mọ́ kedere, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò. Nígbà tí mo fi omi tútù díẹ̀ pò ó, tí mo sì da omi híhó lé e lórí, ó dì lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní kókó, kò sì rọ̀ padà sí omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ògì tí wọ́n ti fi àgbàdo bù là ṣe máa ń ṣe. Kíkan rẹ̀ wà níbi tí ó yẹ: ó ta ahọ́n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà adùn ọkà bàbà yóò wá jáde láti abẹ́ rẹ̀, tí ènìyàn kò fi ní nílò ṣúgà tí ó pọ̀. Mo ti ra ògì ní Wuse, mo ti rà á ní Nyanya, mo sì ti rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e kiri ní àárọ̀. N kò tíì rí èyí tí ó tó èyí láti ìgbà tí mo ti dé Abuja.

Odidi yàtọ̀ pátápátá. Ó ṣe yanrin-yanrin lẹ́nu, kì í dì dáadáa àfi bí a bá gbé e ka iná tí a sì rò ó, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú èkejì: bí mo bá ti mu ún tó ìlàjì abọ́, ó máa ń fún ẹnu mi pọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gé kajú tí kò tíì pọ́n jẹ. Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú fífún tí ó ń fún ẹnu pọ̀ yìí gan-an ni gbogbo àlàyé ohun tí lébẹ̀lì náà ń sọ fara pamọ́ sí, ó sì yẹ kí n ṣe sùúrù láti tú u palẹ̀.

Bí a bá jẹ ọ̀rá tàbí epo, kò lè gba ara ìfun kọjá bí ó ṣe wà. Òróòro ni ó máa ń kọ́kọ́ pín in sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń já epo lára abọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní láípéèsì, tí ó ń ti inú ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ wọ ìfun, yóò wá gé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ tí ìfun lè gbà. Bí nǹkan kan bá dí láípéèsì lọ́wọ́, ọ̀rá tí kò gé yóò bá ìgbẹ́ jáde. Títí dé ibí yìí, ohun tí lébẹ̀lì náà gbé lé ọwọ́ jẹ́ òtítọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀.

Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ọkà bàbà ní àwọn èròjà tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Pọ́lífẹ́nọ̀lù ni orúkọ tí a ń pè wọ́n lápapọ̀. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ táníìnì, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa so mọ́ purotéènì. Nígbà tí odidi ògì fún ẹnu mi pọ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé táníìnì gbá purotéènì inú itọ́ mi mú, itọ́ náà kò sì lè mú kí ẹnu máa yọ̀ mọ́. Purotéènì ni láípéèsì náà, bí táníìnì bá sì bá a pàdé, ó lè gbá òun náà mú. Ohun kan náà ni àgbẹ̀ òkè Ọya mọ̀ láìsí yàrá ìwádìí kankan, nítorí pé ọkà bàbà tí ó korò lẹ́nu báyìí ni ẹyẹ kì í fẹ́ bà lé lórí. Yàtọ̀ sí táníìnì, òmíràn nínú wọn, ásíìdì férúlíìkì, náà wà nínú èèpo ọkà, ṣùgbọ́n ó so mọ́ èèpo náà típẹ́típẹ́. Kíkan ni ó máa ń tú u sílẹ̀: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ògì, tí Lactiplantibacillus plantarum (tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀) jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ní ẹ́ńsáìmù tí ń já okùn tí ó so ó mọ́ èèpo. Nínú yàrá ìwádìí, nígbà tí wọ́n bá yọ àwọn èròjà wọ̀nyí láti inú ọkà tí wọ́n sì pò wọ́n mọ́ láípéèsì nínú ìgò, iṣẹ́ láípéèsì náà máa ń dínkù. Kì í ṣe àròsọ rárá.

Mo wá bẹ Ìyá Ológì pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò kọ̀, wọn kò sì fi ohunkóhun pamọ́, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọwọ́ àwọn Hausa oníṣòwò ọkà ni wọ́n ti ń ra ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní dawa. Wọ́n ṣà á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì rẹ ẹ́ sómi fún òru méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi tí wọ́n dà nù pọ́n, ó sì ṣókùnkùn bí tíì tí ó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Wọ́n gbé ọkà náà lọ sí ibi ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n da aṣọ asẹ́ bo ẹnu agbada ńlá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ. Ohun tí ó gba inú asẹ́ kọjá ni wọ́n fi sílẹ̀ láti kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Èèrí tí ó kù sórí asẹ́, tí ó pọ́n rẹ̀rẹ̀ tí ó sì gbóòórùn ọkà, ni wọ́n rọ sínú àpò fún ọkùnrin kan tí ó ń sin àgbò.

Mo dúró, mo ń wo àpò èèrí náà, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára lébẹ̀lì ni ọkùnrin náà ń gbé lọ. Èèpo ọkà àti awọ tín-ínrín tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pọ́lífẹ́nọ̀lù pọ̀ sí jù, kì í ṣe inú funfun tí ó ń di ògì. Omi rírẹ ti kọ́kọ́ gbé apá kan lọ, asẹ́ sì mú èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù. Kíkan fúnra rẹ̀, tí lébẹ̀lì náà ń yìn, máa ń dín táníìnì kù pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ ń tú ásíìdì férúlíìkì sílẹ̀. Ìyá wa àti ìyá wọn ń sẹ́ ògì kí ó lè kúnná, kí ó má baà korò, kí ọmọdé lè mu ún. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n a kò lè yọ nǹkan kúrò nínú oúnjẹ kí a tún tà á pé ó wà nínú rẹ̀.

Mo tún ṣe ìdánwò kan. Mo gba ẹ̀kúnwọ́ dawa lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé e lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọkà bàbà máa ń rẹ hóró rẹ̀ sínú búlíìṣì tí a fi kọ́sítíìkì sódà sí, kí èèpo òde lè bó. Bí awọ tí ó ní táníìnì bá wà lábẹ́ rẹ̀, hóró náà yóò dúdú, bí kò bá sì sí, yóò funfun. (Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀, nítorí pé àwọn kẹ́míkà méjèèjì lè jó ènìyàn, hóró tí a bá sì fi ṣe é, kò sí ẹni tàbí ẹran tí ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.) Gbogbo hóró tí mo rẹ ni ó pupa lójú òde kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò náà, díẹ̀ ni ó dúdú nínú wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ó funfun. Pípọ́n ọkà bàbà kò túmọ̀ sí pé ó ní táníìnì, nítorí pé àwọ̀ èèpo òde yàtọ̀ sí awọ abẹ́ rẹ̀. Láti ọwọ́ oníṣòwò kan sí òmíràn, láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ohun tí Ìyá Ológì ń rà lè yàtọ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé odidi tí ó kún fún táníìnì ni ènìyàn mu, ikùn kì í ṣe ìgò. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sábà máa ń fi ọtí líle tàbí ásítóònù fa èròjà náà jáde kúrò nínú ọkà, wọn a sì fi í síwájú láípéèsì nìkan, láìsí ohun mìíràn tí yóò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Níwájú abọ́ wa ńkọ́? Kí ni a fi ń mu ẹ̀kọ? Àkàrà ni, tàbí mọ́ínmọ́ín, àwọn mìíràn a sì da mílíìkì lé e. Purotéènì ẹ̀wà wà níbẹ̀, purotéènì mílíìkì wà níbẹ̀, itọ́ ẹnu sì ti gba tirẹ̀ kí a tó gbé e mì. Táníìnì kì í yan ẹni tí yóò dì mọ́. Gbogbo purotéènì tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà ni yóò máa so mọ́, ohun tí yóò sì kù fún láípéèsì nígbà tí oúnjẹ bá dé inú ìfun lè má tó nǹkan. Mo ro àkàrà àárọ̀ Sátidé tí a fi òróró dín, tí a ń retí kí ògì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí òróró náà lọ́nà, nígbà tí ẹ̀wà inú àkàrà náà gan-an ti mú ọwọ́ táníìnì dí.

Ó yẹ kí a fi èyí wé orlistat tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pa tì. Àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1999. Ìwọ̀n 120 mílígíráàmù ni dókítà sábà máa ń kọ fún lílò pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ó sì ń dá nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá tí ènìyàn jẹ dúró. Òun náà ní ìbátan pẹ̀lú kòkòrò àìfojúrí, nítorí pé láti ara èròjà kan tí bakitéríà inú ilẹ̀, Streptomyces toxytricini, ń ṣe ni wọ́n ti rí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà láti hóró kan sí èkejì, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn fún ìgbà pípẹ́. Àmì tí ó ń fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ kò sì fara sin: ìgbẹ́ máa ń ní epo, ó máa ń kánjú, dókítà sì máa ń gba ènìyàn níyànjú láti lo àwọn fítámínì tí ń bá ọ̀rá rìn, A, D, E àti K, nítorí pé wọ́n ń bá ọ̀rá náà jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi mu ògì yìí, odidi àti èyí tí a sẹ́, n kò sì rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé n kò rí i. Láti ọdún 2002 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí a máa fi fítámínì A sí òróró, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, nítorí pé ó wọ́n nínú oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ògì tí ó bá dí ọ̀rá lọ́nà ní tòótọ́ yóò máa dí fítámínì yìí náà lọ́nà lára àwọn ọmọ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù nìyí. Ní ọjọ́ kan tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìyàwó kékeré kan gbé ọmọ oṣù méje wá, ó sì béèrè odidi, nítorí ó gbọ́ pé òun ni ó ní oore jù. Táníìnì kan náà tí ó lè dì mọ́ láípéèsì máa ń dì mọ́ èròjà áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ, tí ara kò fi ní rí i gbà tó, èròjà yìí ni a sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ kò ní áyọ́ọ̀nù tí ó lè fi tọrẹ. Aboyún kò ní, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó náà kò ní. Èyí tí a sẹ́ ni ó yẹ ọmọ náà, kí a sì fi ẹja lílọ̀ tàbí ẹ̀wà tí a ti bó tí a sì lọ̀ kúnná kún un, nítorí pé ògì nìkan kò ní purotéènì tó fún ọmọ tí ń dàgbà. Mo sọ fún ìyàwó náà, ó sì gbọ́.

Lẹ́yìn tí ó lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo kí Ìyá Ológì, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó kọ lébẹ̀lì yìí fún yín?”

“Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ ni, Tíṣà. Ó ní òun rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn oyinbo ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ṣé irọ́ ni?”

“Kì í ṣe irọ́, mà. Ṣùgbọ́n èèrí tí ẹ ń rọ fún àgbò ni ìwádìí náà ń bá wí.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì wo àpò èèrí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn yọ lébẹ̀lì náà. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ ọkà, ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn nǹkan mẹ́ta yìí wúlò fún mi ju ìlérí ikùn lọ. Wọn kò tíì ṣe é ní gbogbo ara ike nígbà tí mo ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ti rí ọjọ́ tí a fi ọwọ́ kọ sára àwọn tuntun.

Ní ti odidi, mo fẹ́ kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa rà á, kì í ṣe nítorí ọ̀rá. Èèpo tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́, ó sì ń mú ìgbọ̀nsẹ̀ rọrùn. Abọ́ kan ní aago méje àárọ̀ máa ń gbé mi dé ìsinmi ọ̀sán ní ilé-ẹ̀kọ́ láìra búrẹ́dì. Ẹni tí kò bá jẹ ìpápánu láàárín ọjọ́ lè rí i pé òun ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n yíyó ni ó ṣe iṣẹ́ náà, láípéèsì kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn áyọ́ọ̀nù tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wákàtí bíi méjì wà láàárín rẹ̀ àti odidi. Ògì gbígbẹ ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: oòrùn ti gba òórùn rẹ̀, kíkan rẹ̀ sì ti rọlẹ̀, ẹni tí ó ń rin ìrìn-àjò nìkan ni mo lè gbà níyànjú láti rà á.

Iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ń bo agbada, fírísà wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ìgbà tí iná bá lọ. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, omi sì ti ń jò láti ìdérí ike nígbà kan. Owó wọn fi díẹ̀ ga ju ti ọjà lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀ fún ògì tí wọn kò fi àgbàdo bù là.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà lọ rí dókítà wọn, wọ́n sì ti ń lo oògùn wọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́. Wọ́n ṣì ń mu ògì bàbà Kubwa ní àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ń rà á lọ fún wọn. Ní ti èèrí, Ìyá Ológì ti ń bù díẹ̀ sọ́tọ̀ fún mi nínú ike kékeré kí ọkùnrin tí ń sin àgbò tó dé, mo sì ń rò ó mọ́ ògì tèmi ní ìwọ̀n ṣíbí méjì, ó ń fún ẹnu pọ̀, mo sì ń mu ún tán.